Mótò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé bíréèkì ti ń kú

Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníná, ọ̀rọ̀ bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ṣé ó máa ń pẹ́, kìlómítà mélòó ló máa rìn kó tó kú, ṣé kò burú téèyàn bá fi sórí iná mọ́jú, lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá kan mótò, bóyá ó lè gun òkè. Bíréèkì ṣá, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti ń rà á, ó mú, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò dá wọn lẹ́bi jàre, torí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ pé òun lọ̀pọ̀ wa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ bíréèkì pa mọ́ féèyàn. Tí bíréèkì bá ń ha á, itan yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ẹ máa wà á títí, ẹ máa rí i pé ẹ ti ń làágùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wò ó.

Ti oníná ò rí bẹ́ẹ̀ o. Páàdì, ìyẹn ohun tó ń gbá nǹkan mú nínú bíréèkì, lè máa fara kan dísìkì, ìyẹn irin róbótó tó ń bá táyà yí, látàárọ̀ dalẹ́, mótò á kàn máa fi agbára tì í kọjá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lé e ò dẹ̀ ní mọ nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé bátìrì tó máa ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀ ti ń tán lójú ọ̀nà, ẹ máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú bátìrì. Ẹ̀gbọ́n kan gbé tiẹ̀ wá bá mi báyìí, ó ní bátìrì òun ti gbó, òun ti ń wá owó tóun máa fi ra tuntun. Mo gbé táyà ẹ̀yìn sókè, mo yí i, kò tiẹ̀ yí ẹ̀ẹ̀kan pé kó tó dúró. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì náwó yín, bíréèkì ẹ̀yìn ló ń jẹ bátìrì yín. Pístìnì kan, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń ti páàdì lọ bá dísìkì, ló há tí kò padà sẹ́yìn mọ́, páàdì ẹ̀gbẹ́ yẹn ti fẹ́ẹ̀ tán, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì nípọn. Wọn ò gbọ́ ariwo, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n kàn ń fi agbára mótò kún un ni, láti ìpele 2 sí 3, láti 3 sí 4. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, pé lórí kẹ̀kẹ́ oníná, ara yín ò lè bá yín mọ̀ ọ́n mọ́, ojú, etí àti ọwọ́ lẹ máa fi wá a.

Ẹ tún wo bó ṣe wúwo tó. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ sábà máa ń wà láàárín kílò 10 sí 15, oníná á wà láàárín 20 sí 30, àwọn tí wọ́n fi ń kẹ́rù tún ju ìyẹn lọ dáadáa, ká tó wá gbé ẹni tó gùn ún àti báàgì ẹ̀ lé e. Ìwúwo yẹn gan-an ò tiẹ̀ tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré. Tẹ́ ẹ bá sọ eré di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kó tó mú un dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ wà á jẹ́jẹ́ ní kìlómítà 12 láàárín wákàtí kan, tó bá dórí oníná tó ń lọ ní 24, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Nílẹ̀ Yúróòpù òfin ní kí mótò kẹ̀kẹ́ oníná lásán dákẹ́ tó bá ti ń lọ sí 25, àmọ́ irú èyí tó ń bá a dé 45 wà níta. Gbogbo agbára yẹn kì í lọ lásán, ooru ló ń dà, inú dísìkì àti páàdì ló dẹ̀ ń wọ̀. Ìdí nìyẹn tí páàdì tó máa ń pẹ́ gan-an lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ fi lè tán lórí oníná kó tó rin 1000 kìlómítà, pàápàá níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá pọ̀ sí.

Ẹnì kan á ní ṣebí mótò fúnra ẹ̀ lè mú kẹ̀kẹ́ dúró kó tún dá iná padà sínú bátìrì. Ó lè ṣe é lóòótọ́, àmọ́ mótò àárín táyà tí ò ní gíà nínú ló máa ń ṣe é. Èyí tó ní gíà nínú, àti èyí tó wà níbi pẹ́dàlì, wọ́n ti ṣe é kí táyà lè máa yí lọ láìfa mótò lẹ́yìn, kò wá síbi tó máa gbà mú un dúró. Èyí tó ń ṣe é náà, tí bátìrì bá ti kún dẹ́nu, kò ní ríbi kó iná ọ̀hún sí. Ẹ gbójú kúrò lára ẹ̀, páàdì ni ìgbẹ́kẹ̀lé yín.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ pa kẹ̀kẹ́ náà kẹ́ ẹ yọ bátìrì ẹ̀ tó bá ṣeé yọ. Kì í ṣe torí kí iná má gbé yín o, torí ìka ni. Táyà wà lókè, ọwọ́ yín wà láàárín sípóòkù àti dísìkì, ẹnì kan wá ṣèèṣì yí throttle, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yí kí mótò lè ṣiṣẹ́. Dísìkì tó ń yí lè gé ìka, mi ò ṣàsọdùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde dé ni, ẹ jẹ́ kó tutù ná, dísìkì máa ń gbóná débi tó lè bó awọ ọwọ́.

Àyẹ̀wò tí mo máa ń ṣe kí n tó gbéra ò gba àsìkò rárá. Mo máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, màá tẹ ọwọ́ bíréèkì iwájú, màá tì í síwájú, táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fẹ́ fò nílẹ̀. Màá wá tẹ ti ẹ̀yìn, màá tún tì í, táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀ láìyí. Lẹ́yìn náà màá wo ibi tí ọwọ́ bíréèkì dúró sí. Àyè gidi gbọ́dọ̀ ṣì wà láàárín òun àti áńdù tẹ́ ẹ dì mú, tó bá ti lè fara kan áńdù, kẹ̀kẹ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ le lọ́wọ́. Tó bá rọ̀ múlọ́múlọ́, tó wá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra ló máa ń le, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wọnú ọ́ìlì ẹ̀, ìyẹn ọ́ìlì tó ń ti pístìnì tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin kí wọ́n má tú u sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Tó bá ń rọra sún mọ́ áńdù lábẹ́ ọwọ́ yín, ọ́ìlì ń jò níbì kan nìyẹn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ọwọ́ bíréèkì, kẹ́ ẹ wo ibi tí ọ́ọ̀sì ti wọ kálípà, ìyẹn ohun tí páàdì àti pístìnì wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tún wo inú kálípà fúnra ẹ̀, torí èyí tó bá ń jò nínú ibẹ̀, orí páàdì ló máa ń kán sí.

Ẹ wá gbé táyà sókè kẹ́ ẹ yí i, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Ibí ni kẹ̀kẹ́ oníná ti máa ń da èèyàn láàmú díẹ̀. Táyà iwájú tí ò ní mótò nínú, ó gbọ́dọ̀ yí lọ fúnra ẹ̀ kó pẹ́ kó tó dúró. Tó bá jẹ́ mótò tó ní gíà ló wà nínú táyà, ó ṣì máa yí dáadáa tẹ́ ẹ bá yí i síwájú, tẹ́ ẹ bá yí i sẹ́yìn ni mótò á tẹ̀ lé e táá wúwo. Àmọ́ mótò tí ò ní gíà, òòfà inú ẹ̀ á máa fà á yálà ẹ yí i síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ máa rò pé bíréèkì ló há. Fún irú èyí, ìyíká táyà ò lè sọ òótọ́ fún yín, ìmọ́lẹ̀ lẹ máa lò. Ẹ fi bébà funfun sẹ́yìn kálípà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kẹ́ ẹ wo dísìkì láti òkè, ẹ gbọ́dọ̀ rí ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ tó bá ṣú, ibẹ̀ ló ti ń ha.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti oníná nìkan, ìyẹn súìṣì kékeré inú ọwọ́ bíréèkì tó ń pa mótò tẹ́ ẹ bá ti tẹ bíréèkì. Kì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́ ló ní in, ọ̀pọ̀ àwọn tí mótò wọn wà níbi pẹ́dàlì ò ní, tẹ́ ẹ bá ti dẹ́kun pẹ́dàlì ni mótò máa dákẹ́. Àmọ́ tí kẹ̀kẹ́ yín bá ní throttle, ó yẹ kó wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ dá bátìrì padà, ẹ rí i pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí táyà, ẹ gbé táyà tí mótò wà kúrò nílẹ̀, ẹ yí throttle díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ ọwọ́ bíréèkì kan. Mótò gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí páàdì tó gbá dísìkì mú. Ẹ ṣe ti ìkejì náà, torí ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì ti kú. Ẹ má fojú kéré ẹ̀, tí súìṣì yẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń tẹ bíréèkì, mótò ń ti kẹ̀kẹ́ síwájú, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà. Òdìkejì ẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀ o. Òòfà kékeré inú ọwọ́ bíréèkì á yẹ̀ kúrò nípò, tàbí kí ọwọ́ bíréèkì má padà sẹ́yìn tán, kẹ̀kẹ́ á rò pé ẹ ń tẹ bíréèkì, mótò ò ní ṣiṣẹ́ rárá, àwọn èèyàn á ní controller, ìyẹn ohun tó ń darí iná tó ń lọ sínú mótò, ló jó. Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ fi ìka ti ọwọ́ bíréèkì síta dáadáa wò.

Páàdì ló kàn báyìí, màá dẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀. Páàdì dísìkì jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ nǹkan tó ń gbá dísìkì mú mọ́. Tó bá wà ní tuntun, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yẹn sábà máa ń nípọn tó bíi mìlímítà 2. Ilé iṣẹ́ Shimano tó ń ṣe bíréèkì ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti kù 0.5, SRAM tí wọ́n jọ ń ṣe é, ní tiwọn ní kẹ́ ẹ wọn páàdì àti irin ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀, tó bá ti wálẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, ó ti tán. Èmi ò kí ń dúró dìgbà 0.5 lórí oníná, tó bá ti ku bíi mìlímítà 1 mo máa ń yọ ọ́ ni, torí ìdajì mìlímítà tó kù yẹn lè bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan lọ, tó bá dẹ̀ ti di irin lórí irin, dísìkì náà bàjẹ́ nìyẹn, owó páàdì kékeré wá di owó ńlá. Ẹ yọ ọ́ síta kẹ́ ẹ wò ó, ká máa yọjú láti òkè ò tó, torí ó lè nípọn lókè kó ti jẹ dànù nísàlẹ̀. Tí páàdì méjèèjì ò bá jẹ dọ́gba, ẹ má wulẹ̀ fi tuntun sí i kẹ́ ẹ máa lọ, nǹkan kan ló fà á, bóyá kálípà ò dúró sáàárín dísìkì, bóyá pístìnì kan ti há bíi ti ẹ̀gbọ́n tí mo sọ yẹn.

Oríṣi páàdì méjì lẹ máa bá pàdé jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní resin, kì í pariwo, ó tètè máa ń mú kódà tó bá tutù, àmọ́ ó ń yára tán, ooru tó pọ̀ dẹ̀ máa ń dà á láàmú. Èyí tó ní irin nínú máa ń pẹ́, ó ń fara da ooru àti omi àti ẹrẹ̀, ó kàn lè pariwo díẹ̀, ó dẹ̀ ń jẹ dísìkì ju resin lọ. Fún kẹ̀kẹ́ tó wúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lójoojúmọ́, onírin lèmi máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára dísìkì yín kọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá rí "resin pad only" níbẹ̀, ẹ má fi onírin sí i, irin dísìkì yẹn ò le tó, ó máa jẹ ẹ́ tán.

Tẹ́ ẹ bá ti ń pààrọ̀ páàdì, pístìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sínú, torí ó ti jáde síta díẹ̀díẹ̀ bí páàdì àtijọ́ ṣe ń fẹ́lẹ́. Ẹ fi páàdì àtijọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi nǹkan oníke tí wọ́n fi ń ṣí táyà tì í sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ẹ má fi sikurudiráífà gún pístìnì níhòòhò, pàápàá àwọn tí wọ́n fi nǹkan bíi tánganran ṣe, ó máa ń sán. Ẹ ò dẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ọwọ́ bíréèkì nígbà tẹ́ ẹ bá ti yọ táyà tí dísìkì ò sí láàárín páàdì, pístìnì á sún síta, táyà ò ní wọlé mọ́. Bébà líle kan tẹ́ ẹ bá ki sáàárín páàdì ti tó láti dáàbò bò ó. Bẹ́ ẹ bá ti dá gbogbo ẹ̀ padà, ẹ wo pé sípíríǹgì tó wà láàárín páàdì méjèèjì wọlé dáadáa kò lọ fara kan dísìkì, pé píìnì tó gbé wọn dúró ti wọlé, pé kílíìpù kékeré ìdí ẹ̀ wà níbẹ̀. Kílíìpù yẹn máa ń sọnù sínú koríko bí ẹni pé wọ́n fi ṣe é ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún bíréèkì ẹ̀yìn torí mótò tó wà nínú táyà, wáyà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tù ńlá wà níbẹ̀, ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ kálípà wà tó jẹ́ pé páàdì ń gba òkè jáde láìyọ táyà rárá, ẹ wo tiyín dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé sípánà. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ yọ táyà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò àwọn wáṣà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹ wá ibi tí wáyà mótò ti ṣeé fà yọ kẹ́ ẹ fà á ní tààrà láìlọ́ ọ, ọfà méjì máa ń wà lára ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dojú kọ ara wọn tó bá ń padà. Irin tó ń dí ọ̀pá àárín mótò lọ́wọ́ kó má yí, ẹ rí i pé ó padà síbi tó wà.

Dísìkì fúnra ẹ̀ ò lọ́jọ́ orí tó gùn bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn tó wọ́pọ̀ máa ń nípọn tó mìlímítà 1.8 ní tuntun, tó bá ti di 1.5 ó ti tó pààrọ̀, àwọn tí wọ́n dìídì ṣe fún oníná nípọn jùyẹn, èyí tó kéré jù tí tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́ sábà máa ń wà lára ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí i tín-íntìn-ìn-tín. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná wọ́ ọ láti àárín síta tí èékánná bá há létí ẹ̀, ó ti ń jẹ lọ. Tó bá ti pọ́n tàbí tó ti ń dàwọ̀ búlúù, ó ti gbóná kọjá ààlà. Tó bá wọ́, ẹ máa gbọ́ ohùn tó ń wá tó ń lọ bí táyà ṣe ń yí, ṣìì, ó dákẹ́, ṣìì, ó dákẹ́, èyí tó wọ́ díẹ̀ ṣeé fi sípánà tó mọ́ tónítóní tẹ̀ padà ní sùúrù, èyí tó wọ́ gidi ẹ ra òmíràn. Bóòtù mẹ́fà tó mú un mọ́ àárín táyà, sípánà T25 ni wọ́n fi ń dì í, agbára tí wọ́n fi ń dì í (Nm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) dẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 4 sí 6 Nm, àwọn tó jẹ́ pé ìdè ńlá kan ṣoṣo ló wà láàárín ń gbà tó 40. Ẹ dì wọ́n ní méjìméjì tó dojú kọra, èyí tó wà lókè, lẹ́yìn ẹ̀ èyí tó dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀, kó má bàa fà síbì kan.

Tí kálípà ò bá dúró sáàárín, ẹ tú bóòtù méjì tó gbé e mọ́ ara kẹ̀kẹ́ díẹ̀ títí á fi lè mì, ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì mọ́lẹ̀ kó wá àárín fúnra ẹ̀, ẹ má tú ọwọ́ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ dì í padà díẹ̀ lọ́tùn-ún díẹ̀ lósì, 6 sí 8 Nm. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìyẹn nìkan ti tó.

Kò sí ohun tó ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ bíréèkì tó ẹni tó ń fọ́n ọ́ìlì sí dísìkì torí pé ó ń pariwo. Ẹ gbọ́ o, bíréèkì ò nílò ọ́ìlì lójú páàdì láé, ariwo ọ̀hún gan-an, ọ́ìlì ló sábà máa ń fà á! Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá fọ́n sípíréè sí ṣéènì tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, páàdì ti mu ún. Òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ náà ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí mi ò kí ń fi ìka kan ojú dísìkì. Isopropyl alcohol àti aṣọ tó mọ́ lẹ máa fi nù ún, aṣọ tó mọ́ ni mo wí, kì í ṣe àkísà tẹ́ ẹ fi nu ṣéènì lánàá. Páàdì tó ti mu ọ́ìlì díẹ̀, ẹ lè fi sáńpépà ha ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ fi alcohol fọ̀ ọ́, nígbà míì ó máa ń gbà, èyí tó ti mu ún yó ò ní gbà. Ariwo tó bá dà bí irin tó ń lọ irin ní tiẹ̀, ẹ má gùn ún lọ síbì kankan, páàdì ti tán.

Tó bá jẹ́ wáyà ló ń fa bíréèkì yín, kì í ṣe ọ́ìlì, iṣẹ́ yín pọ̀ sí i díẹ̀ àmọ́ ó rọrùn. Wáyà máa ń nà, páàdì dẹ̀ ń fẹ́lẹ́, kò sí nǹkan tó ń tún un ṣe fúnra ẹ̀ bíi ti ọlọ́ìlì. Nọ́bù kékeré tó wà níbi tí wáyà ti wọ ọwọ́ bíréèkì, tẹ́ ẹ bá yí i jáde, wáyà á le. Àmọ́ ẹ má fi nọ́bù yẹn nìkan ṣe gbogbo ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú bíréèkì yìí, páàdì kan ṣoṣo ló ń rìn, òun ló ń ti dísìkì lọ bá ìkejì tó dúró sójú kan, páàdì tó dúró yẹn ní ibi tí wọ́n ti ń sún un lọ́tọ̀, ẹ sún un títí ó fi kù díẹ̀ kó kan dísìkì, kẹ́ ẹ tó wá kan wáyà. Tí ẹyọ okùn wáyà kan bá ti já níbi ìdè, tàbí tó ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, wáyà ò wọ́n. Àwọn tí bíréèkì tiwọn ń gbá rímù mú, ẹ yọ òkúta wẹ́wẹ́ tó bá há sínú rọ́bà ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìlà tàbí ihò kékeré tí wọ́n fi sára rímù míì, tí ò bá hàn mọ́, rímù ti jẹ tán.

Ọlọ́ìlì wá ní òfin kan tí ò ní àfojúdá. Oríṣi ọ́ìlì méjì ló wà, mineral oil àti DOT. Shimano, Magura àti Tektro ń lo mineral, ọ̀pọ̀ bíréèkì SRAM ń lo DOT, àmọ́ SRAM náà ti ń ṣe àwọn kan tó ń lo mineral, nítorí náà ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ọwọ́ bíréèkì tàbí ìdérí ẹ̀, ẹ má wo orúkọ nìkan. Tẹ́ ẹ bá da ọ̀kan sínú ìkejì, àwọn rọ́bà inú ẹ̀ á wú, gbogbo bíréèkì yẹn dànù nìyẹn. DOT máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, òun ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀ lóòrèkóòrè, DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ fara dà á dé ó kéré tán 230°C kó tó hó, tó bá ti fa omi sára, ìwọ̀n tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ wá sílẹ̀ dé 155. Ọ́ìlì tó bá hó nínú kálípà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ bíréèkì á kàn rọ̀ wálẹ̀ sí áńdù lẹ́ẹ̀kan náà. DOT tún máa ń jẹ ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́. Kẹ́ ẹ má dẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ dorí kodò láìnídìí, afẹ́fẹ́ tó wà lókè inú ọwọ́ bíréèkì lè gba ibẹ̀ wọ ọ́ọ̀sì. Yíyọ afẹ́fẹ́ jáde ní tiẹ̀, ó gba sírìnjì tó bá bíréèkì yín mu àti sùúrù, tẹ́ ò bá ṣe é rí, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, mi ò rò pé ìtìjú kankan wà níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà náà wà nínú ìtọ́jú. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó wá di bíréèkì ẹ̀yìn mú díẹ̀ díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ráyè fún dísìkì láti tutù, ojú páàdì á yan, á máa dán, kò ní mú mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ le, kó wálẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ dẹ̀ lo ti iwájú, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ń dúró, ìwúwo yín ń lọ síwájú, táyà iwájú ló ń gbá ilẹ̀ mú, ti ẹ̀yìn á kàn há táá máa yọ̀ ni. Kẹ́ ẹ sún ìdí yín sẹ́yìn díẹ̀, kọ́wọ́ yín le, kẹ́ ẹ rọra fi kún un.

Páàdì tuntun tàbí dísìkì tuntun ò ní mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bá a wọ àárín ọkọ̀. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí ò sí èèyàn, ẹ sáré dé bíi kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì kan ṣoṣo títí eré ẹ̀ á fi wálẹ̀ dé ìwọ̀n ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ má jẹ́ kó dúró pátápátá, ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí táyà há, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ tún gbéra. Bí ìgbà 20 fún ti iwájú, bẹ́ẹ̀ náà fún ti ẹ̀yìn. Lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ iṣẹ́ gidi nìyẹn, ibí ṣá ni mótò ti wúlò fún bíréèkì. Láàárín kan ẹ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó ti ń gbá a mú ju ti ìṣáájú lọ. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá fi sípánà kan bóòtù kálípà méjèèjì wò bóyá wọ́n ṣì le.